Kọ́ìlì vape mi ń jóná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta péré, kí ni mo ń ṣe tí ò dáa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Táásì ni mò ń wà ní Manchester, ọdún 11 ni mo fi mu sìgá kí n tó bọ́ sórí vape. Èyí téèyàn ń fà tó bá tán á jù ú nù ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ látìgbà tí ìjọba ti fòfin dè é lóṣù kẹfà 2025 mo lọ ra èyí tí wọ́n ń rọ jùùsì, ìyẹn omi tó ń di èéfín, sí, àtìgbà náà ni wàhálà ti bá mi. Kọ́ìlì àkọ́kọ́, ìyẹn wáyà àti òwú inú ẹ̀ tó ń sọ jùùsì di èéfín, ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti ń rùn bí aṣọ tó jóná, ó ń ta mí lọ́fun. Mo pààrọ̀ ẹ̀, bákan náà. Ìgbà míì ó tún máa ń dún gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, jùùsì á wọ̀ mí lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa se kọ́ìlì ọ̀hún nínú omi gbígbóná, pé á padà di tuntun. Ṣé òótọ́ ni? Kọ́ìlì mẹ́rin ti lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì o.

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù ọ̀hún náà. Ó jọ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe kọ́ìlì yín nígbà tẹ́ ẹ rà á, òwú inú ẹ̀ lẹ ń fi òùngbẹ pa.

Ṣé ẹ rántí sítóòfù kẹrosíìnì ilé wa? Tí kẹrosíìnì bá ti fẹ́ tán nínú ẹ̀ tí màmá ò tíì mọ̀, iná á pọ́n, á máa rú èéfín, òórùn kan báyìí á gbalé kan, tẹ́ ẹ bá wá fa òwú yẹn jáde, orí ẹ̀ á ti dúdú, á ti le. Níwọ̀n ìgbà tí kẹrosíìnì bá ṣì ń gun òwú, kẹrosíìnì ló ń jó, ìgbà tí ò bá débẹ̀ mọ́ niná á wá yíjú sí òwú fúnra ẹ̀. Vape yín náà nìyẹn, àfi pé bátìrì ló ń mú wáyà gbóná níbi tiẹ̀. Òwú ló wà lára wáyà yẹn, òun ló ń fa jùùsì wá látinú táǹkì. Ẹ tẹ bọ́tìnì, wáyà gbóná, jùùsì tó wà lára òwú di èéfín, òwú tún fa òmíì wá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Tẹ́ ẹ bá ti ń fà á yá ju bí òwú ṣe ń rí jùùsì mu lọ, ó parí nìyẹn.

Oníbàárà kan gbé kọ́ìlì tiẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù níjọ́ kan, ó ń pariwo pé ayédèrú ni mo tà fóun. Mo mú ẹ̀mú kékeré, mo la ìdí irin ẹ̀ níṣojú ẹ̀, mo fa òwú jáde. Apá ibi tí jùùsì ń gbà wọlé ṣì funfun báláú, àfi ibi tó fara kan wáyà nìkan ló dúdú kirikiri bí ìdí àkàrà tí wọ́n gbàgbé sínú epo. Mo bi í pé ṣé ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á? Ó ní ìdúró wo, inú bọ́ọ̀sì lòun ti pààrọ̀ ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ lòun fà á. Ọjọ́ yẹn gan-an lòwú ti jóná, ọjọ́ mẹ́ta tó kù yẹn ó kàn ń fara dà á ni, kò sì síbi tí mo ti fẹ́ bá a wò ó sàn.

Torí náà, òwú tuntun, bó ṣe gbẹ tó, bí èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá èèyàn kó tó gún un lábẹ́rẹ́ ni. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì, ẹ máa rí ihò kéékèèké tí òwú ti yọjú, ẹ kán jùùsì ẹ̀kán 2 tàbí 3 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kán ẹyọ kan ṣoṣo sínú ihò àárín, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà. Ẹ wá rọ jùùsì sí táǹkì, ẹ gbé e dúró lóòró, ẹ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe fún ìṣẹ́jú 10, tí jùùsì yín bá ki kẹ́ ẹ jẹ́ kó di 15. Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ fà á lásán lẹ́ẹ̀mẹta láì tanná sí i, ìyẹn á bá òwú fa jùùsì wọlé. Tó bá jẹ́ pọ́ọ̀dù, ìyẹn táǹkì kékeré tó ń bọ́ kúrò lára bátìrì, tí ò sì ní bọ́tìnì ni, ẹ yọ ọ́ kúrò lára bátìrì kẹ́ ẹ tó fà á lásán.

Ìkejì ni wọ́ọ̀tì, ìyẹn agbára tí bátìrì fi ń mú wáyà gbóná. Wọ́n kọ ọ́ sára kọ́ìlì fúnra ẹ̀, lẹ́tà ẹ̀ kàn kéré ni, ẹ lè rí nǹkan bíi 0.8 ohm (bí wáyà ṣe ń dènà iná tó nìyẹn), 12–16W (iye wọ́ọ̀tì tó gbà). Ọ̀pọ̀ èèyàn ò wo ibẹ̀ rárá, wọ́n fẹ́ kí èéfín bo gbogbo ilé, wọ́n á gbé e lọ sí 25. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 12, kẹ́ ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá ti dùn mọ́ yín lẹ́nu kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe dárúkọ Manchester ni mo ti fura sí jùùsì yín, torí òtútù ibẹ̀. Nǹkan méjì ló pọ̀ jù nínú jùùsì, VG ló ki bí oyin, PG ló ṣàn bí omi. Ẹ wo ara ìgò, ẹ máa rí 50/50 tàbí 70/30, ìyẹn bí VG àti PG ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀. Pọ́ọ̀dù kékeré tí kọ́ìlì ẹ̀ jẹ́ 0.8 tàbí 1.0 ohm, ihò òwú ẹ̀ tín-ín-rín, 50/50 ló ń fẹ́. Èyí tí VG ẹ̀ tó 70, táǹkì ńlá oní 0.2, 0.3 ló ni ín, tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ sínú pọ́ọ̀dù kékeré, kò ní lè tètè kọjá nínú òwú. Òtútù tún wá ń mú VG ki sí i. Vape tó bá sun inú mọ́tò mọ́jú lóṣù kìíní, ẹ má kàn gbé e sẹ́nu láàárọ̀, ẹ fi sápò kó móoru díẹ̀ ná. Àbúrò mi tó wà l'Ékòó, òdìkejì ni tiẹ̀, oòrùn ń mú jùùsì ṣàn jù, tó bá ti gbàgbé ẹ̀ sínú mọ́tò lọ́sàn-án, gbogbo ìjókòó á ti lẹ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́.

Adùn náà ńkọ́? Ẹni tó bá ti ń lo èyí tí wọ́n ń jù nù tẹ́lẹ̀ ló máa ń fẹ́ kó dùn, máńgò oní-ice, kọ́sítáàdì, súwíìtì oríṣiríṣi. Sucralose tí wọ́n fi ń mú un dùn kì í bá èéfín lọ tán, ó ń ṣẹ́kù sára wáyà bíi ṣúgà tó jóná mọ́dìí ìkòkò, èèpá yẹn ló ń dí òwú. Nínú àwọn oníbàárà mi, ẹni tó ń fa menthol lásán lè lo kọ́ìlì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, oní-kọ́sítáàdì á ti padà wá kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi adùn sílẹ̀ o, owó yín ni, ẹ ṣáà mọ ohun tó ń jẹ ẹ́.

Ẹ tún mọ̀ pé táǹkì tí wọ́n ń tà ní ìlú ọba yìí kì í ju 2 ml lọ, òfin ni. Kì í pẹ́ tán. Ẹni tó ń wakọ̀ tó ń fà á nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò lè mọ̀ pé jùùsì ti lọ sísàlẹ̀ ihò òwú. Tó bá ti ku ìdá kan nínú mẹ́ta kẹ́ ẹ rọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fà á tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ má fà á léraléra.

Ọ̀rọ̀ gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ yẹn wá yàtọ̀, òwú ti mu àmuyó níbẹ̀ ni, jùùsì ti ya wọ inú páìpù àárín. Ó lè jẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń rọ ọ́ ló fà á, ó lè jẹ́ rọ́bà róbótó ìdí ẹ̀ ló ti yẹ̀, àmọ́ ọdún 11 lẹ fi mu sìgá, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ máa fi gbogbo agbára fà á bíi sìgá. Ẹ rọra, bí ẹni ń mu tíì gbóná. Èyí tó ti wọbẹ̀, ẹ yọ pọ́ọ̀dù, ẹ fi tíṣù bo ẹnu ẹ̀, ẹ dojú ẹ̀ kọlẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ lọ́ ẹnu tíṣù kẹ́ ẹ fi nu inú páìpù. Tó bá wọ̀ yín lẹ́nu, ẹ tutọ́ ẹ̀ dànù kẹ́ ẹ yọnu, tó bá kàn yín lára ẹ fomi fọ̀ ọ́, nicotine ń gba ara wọlé. Ìgò ẹ̀ ò gbọdọ̀ sí níbi tọ́wọ́ ọmọdé lè tó o. Tí vape bá ń kọ "check coil" sójú, ọ̀pọ̀ ìgbà jùùsì ló dà sí ojú irin ìsàlẹ̀ tó ń kan bátìrì, ẹ nù ún.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Ẹ ní kó sinmi jàre. Omi gbígbóná lè ṣí èèpá díẹ̀, òwú tó ti di èédú ò ní padà funfun, omi tó kù sínú ẹ̀ á tún máa ta pàrà síni lẹ́nu. Àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ki òwú nìkan ló lè fọ wáyà: wọ́n á yọ òwú, wọ́n á tan wáyà Kanthal, irú irin kan tó ń gba iná gbígbóná, fẹ́ẹ́rẹ́ kó pọ́n, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbo ó, wọ́n á wá ki òwú tuntun, kó má fún jù kó má dẹ̀ jù, bí ìgbà téèyàn ń ki okùn sí ṣòkòtò, ó ń wọ́ díẹ̀ àmọ́ ó ń kọjá. Kì í ṣe wáyà nickel tàbí titanium ni wọ́n ń tàn bẹ́ẹ̀ o. Kọ́ìlì tiyín yìí, ilé iṣẹ́ ló ti dì í pa, kò ṣeé tú.

Ẹ má sì fi ọ̀fun ṣakin pẹ̀lú èyí tó ti jóná, jùùsì tó bá gbóná kọjá ààlà máa ń mú formaldehyde jáde, ohun tó wà nínú oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ni. Ẹni tí ò sì mu sìgá rí, tó bá ń ka eléyìí, má torí ẹ̀ lọ ra vape, ẹni tó ń sá fún sìgá ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Èyí tó kù nínú páálí yẹn, ẹ kán jùùsì sí i lálẹ́ òní kẹ́ ẹ tó jókòó sídìí oúnjẹ, tẹ́ ẹ bá jẹun tán kẹ́ ẹ wá fà á. Tí òun náà bá tún jóná kó tó pé ọjọ́ mẹ́rin, ẹ kọ orúkọ jùùsì yín àti iye wọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ gbé e sí ránṣẹ́ sí mi.