Mi Ò Jalè, Mi Ò Pààyàn: Ìdáríjì Kí Ni Mo Fẹ́ Tọrọ?

Ìbéèrè: Mi ò jalè rí, mi ò sì pààyàn. Kí ló dé tí èmi náà fi ní láti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run?

Ìdáhùn: Nínú Lúùkù 18, Farisí kan, ìyẹn ẹlẹ́sìn Júù tó ń pa òfin mọ́ gidigidi, dúró nínú tẹ́ńpìlì, ó ń ka ààwẹ̀ àti ìdámẹ́wàá rẹ̀ bí ẹni ń ka owó, àmọ́ agbowó orí dúró lókèèrè, kò lè gbójú sókè, ó ń lu àyà rẹ̀, ó sì ń tọrọ àánú, Jésù ní agbowó orí náà ló lọ sílé ní ẹni tí a dá láre. Ó ṣeé ṣe kí Farisí náà má purọ́ rárá, ṣùgbọ́n kò béèrè ohunkóhun. Oore tí a mọ̀ tí a kò ṣe pàápàá, ẹ̀ṣẹ̀ ni Jákọ́bù 4:17 pè é. Ẹni tó bá jẹ́wọ́, 1 Jòhánù 1:9 ní Ọlọ́run yóò dárí jì í.