Èsì: Ọmọ oṣù 10 tí kò tíì fọhùn, ṣé ọ̀rọ̀ ń yé e?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Ìyá Dúpẹ́. Ẹ béèrè bóyá ọmọ yín ń rí nǹkan lọ́kàn tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀. Láti bí oṣù 6 sí 9 ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń mọ orúkọ oúnjẹ àti ẹ̀yà ara díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu sábà máa ń dé ní nǹkan bí ọdún kan.

Ẹ gbé ṣíbí àti ife síwájú rẹ̀, kí wọ́n jìnnà síra, kí ẹ sì bi í pé, "Ṣíbí dà?" Ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ṣíbí rárá, torí ọmọ máa ń tẹ̀lé ibi tí ojú àgbà lọ, ẹ ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ máa pààrọ̀ ọ̀tún àti òsì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ bo ṣíbí níṣojú rẹ̀. Tó bá ṣí aṣọ, ó rántí ohun tí kò rí mọ́. Tí ẹ bá wá gbé e sábẹ́ aṣọ kejì, ó lè padà wá a lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn.

Yàgbà, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí ìyá àgbà ń bá a sọ ní Ìsánlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró. Èdè méjì kì í da ọmọ rú. Tí kò bá máa yíjú sí orúkọ rẹ̀ tàbí ariwo, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí kíákíá.