Bọ́ọ̀lù ò lè bá yín pa súmò o

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Parakin nílé wa wà, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Táńkì wa tó wà lórí stánṣọ̀n, ojoojúmọ́ ló ń kún tó ń tú dà sílẹ̀, omi ti ń jẹ ìdí fẹ́ńsì. Súmò ló ń fa omi sí i látinú bóhòlù, ọmọ ọ̀dọ̀ mi ló máa ń tàn án. A ti pààrọ̀ bọ́ọ̀lù géèjì (bọ́ọ̀lù inú táńkì tó ń dá omi dúró tó bá kún) lẹ́ẹ̀mẹta. Plọ́ḿbà wa ti wá fi ọ̀rá àti igi dí páìpù tí omi ń gbà jáde tí táńkì bá kún, ó ní ká ra táńkì tó tóbi jùyí lọ. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á mà. Ìbéèrè yìí ti ń sú mi, Lágere o, Mayfair o, Ẹdẹ Road o, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń tà fún gbogbo yín bí ẹni ń ta àgúnmu.

Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín, níbi tẹ́ ẹ ti ní súmò àti ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ yẹn ń tàn án, ó ń gbàgbé láti pa á, ó tán. Bó bá ṣe odò ni táńkì yín tóbi tó, ó ṣì máa kún náà ni, á kàn pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ohun tí bọ́ọ̀lù ń ṣe ò ju pé omi á gbé e sókè, apá ẹ̀ á wá tẹ wáṣà (rọ́bà kékeré inú ẹ̀) mọ́ ojú ihò, omi á dúró. Omi ìjọba tó ń rọra bọ̀ fúnra ẹ̀ nìyẹn dáa fún. Súmò ò tiẹ̀ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kankan wà láyé! Bọ́ọ̀lù á tilẹ̀kùn lókè, òun á ṣì máa ti omi bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Tí súmò bá borí, wáṣà á gé, ẹ tún máa lọ ra òmíràn, bóyá ohun tó sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn. Tí bọ́ọ̀lù bá wá lọ borí, wàhálà gan-an nìyẹn, torí omi tó ń kọjá lára súmò ló ń mú kó tutù, tí omi ò bá ti lọ mọ́, á gbóná títí mọ́tò á fi jó, tàbí kí páìpù já níbi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Mo bá irú ẹ̀ pàdé nílé kan, bọ́ọ̀lù onírin tó lágbára ni wọ́n fi sí i, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tó dé páìpù ti já lẹ́yìn kíṣìnì, odidi àpò gàrí ti di ẹ̀bà ní sítọ̀.

Flóòtì swíìṣì lẹ nílò. Òun náà ń léfòó, ṣùgbọ́n wáyà ló ní nídìí: omi kún, ó já iná súmò, omi lọ sílẹ̀, ó tún tàn án. Kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ló so ó o, kì í ṣe plọ́ḿbà, èmi gan-an kì í fọwọ́ kàn án. Mi ò sì tíì rí ilé yín, kó wo bí súmò ṣe tóbi tó kó tó so ohunkóhun.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé súmò wà ní pípa tí omi ṣì ń dà, ìyẹn yàtọ̀. Ó lè jẹ́ táńkì míì tó ga jù ú lọ ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn, tàbí omi ìjọba. Tó bá jẹ́ ti ìjọba, ẹ fọwọ́ gbé apá bọ́ọ̀lù sókè. Tí omi bá dúró, ẹ tẹ apá yẹn kó kọrí sílẹ̀ díẹ̀. Tí ò bá dúró, wáṣà ni. Ẹ tún mi bọ́ọ̀lù yẹn wò, tẹ́ ẹ bá gbọ́ omi nínú ẹ̀, ó ti lu.

Igi yẹn ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ lónìí! Ẹni tó ń pariwo olè lẹ di lẹ́nu yẹn. Omi á ṣí ìdérí, á máa dà sára stánṣọ̀n àti ògiri. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni kẹ́ ẹ fi sẹ́nu páìpù yẹn, kí páìpù náà sì fẹ̀ ju èyí tó ń gbé omi wọlé lọ. Ní ti táńkì ńlá, 1,000 lítà omi, tọ́ọ̀nù kan gbáko ni, ta ló bá yín wo stánṣọ̀n yẹn bóyá ó lè gbé e?

Kówó swíìṣì tó jáde, ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí táńkì fi ń kún, kí ọmọ yẹn fi ṣe aláàmù sórí fóònù ẹ̀.