Ẹni tó máa san owó iná púùlù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ bèèrè pé báwo lẹ ṣe máa kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n lè fún yín lówó kọ́ swimming pool sílùú, ẹ sì ní àwòrán ẹ̀ ti wà nílẹ̀, mítà 50, bíi ti Olympics. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àwòrán yẹn tì ná. Mo wà nínú kọ́mítì tó sáré irú ẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá ìwé wa padà, kò sì sí ìgbà kankan tó jẹ́ owó kíkọ́ ló bà á jẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè wá, a gbé àwòrán ńlá aláràbarà dání, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Obìnrin tó ń mójú tó ìnáwó níbẹ̀ ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Tó bá di ọdún kẹta tí púùlù yìí ti ṣí, ta ló máa máa san owó iná?" Gbogbo wa panu mọ́. Mo ṣì ń rántí bí alága wa ṣe ń ká àwòrán yẹn padà, tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n.

Obìnrin yẹn ò jẹ̀bi o. Ẹ̀ẹ̀kan péré nìjọba ń fúnni lówó kíkọ́, àmọ́ páǹpù gbọ́dọ̀ máa yí omi gba inú fíltà bí ẹnì kankan ò tiẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n á máa da chlorine tó ń pa kòkòrò sí i, wọ́n á máa wọn pH, ìyẹn bí omi ṣe kan tó, kó lè wà láàárín 7.2 sí 7.8, àwọn lifeguard tó ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ sì gbọ́dọ̀ gbowó oṣù yálà èèyàn wá tàbí wọn ò wá, owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà ká gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kí omi yẹn gbóná, ẹ ra ìbòrí ẹ látìbẹ̀rẹ̀, torí bí omi ṣe ń fẹ́ lọ sójú afẹ́fẹ́ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ooru ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo mítà 50 tẹ́ ẹ ní yẹn. Tó bá fẹ̀ tó mítà 25, tó jìn tó mítà 2, lítà mílíọ̀nù 2.5 nìyẹn. Èyí tá a padà kọ́ gùn ní mítà 25, ó fẹ̀ ní 12.5, ó sì jìn tó nǹkan bíi mítà 1.5, omi ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú márùn-ún ti tiyín. Ó dun àwọn kan lára nínú kọ́mítì, ẹnì kan tiẹ̀ bínú kúrò, ṣùgbọ́n púùlù kékeré yẹn ló ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n dá ìwé wa padà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ìwé ẹ̀ ò tíì dé ọwọ́ ìlú. Ẹ tètè yanjú ìyẹn.

Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn fún wa ni àwọn iléèwé. WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ pé ní 2021, nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi kárí ayé, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn. A kọ ìyẹn sínú ìwé wa, àmọ́ ohun tó wọ̀ wọ́n lára ni pé tíṣà kan ní kíláàsì tó ní ọmọ 31 ní kí ẹni tó bá lè wẹ mítà 25 nawọ́ sókè, ọmọ mẹ́rin péré ló nawọ́. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. A wá fi lẹ́tà àwọn ọ̀gá iléèwé tì í lẹ́yìn, kálukú wọn kọ wákàtí tí wọ́n máa gbà lọ́sẹ̀ àti iye tí wọ́n lè san, a sì fi ìṣirò ìnáwó ọdún mẹ́wàá síwájú ẹ̀.

Torí náà, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ bá àwọn ọ̀gá iléèwé àdúgbò yín, ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó ni wọ́n máa gbà, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ tó tún pe ẹni tó yàwòrán yẹn.