Ẹ sọ̀rọ̀ odó fún dókítà kí ẹ tó gbà fún iṣẹ́ abẹ èjìká

Ìyá oníyán kan l'Ádó-Èkìtì ló kọ̀wé sí mi. Ọmọ ọdún 64 ni wọ́n. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí èjìká ọ̀tún ti ń ro wọ́n. Wọn ò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn, wọn ò lè wé gèlè fúnra wọn, ọmọ-ọmọ wọn ló ń bá wọn so kọ́mú. Dókítà ya X-ray, ó ní oríkèé ti jẹ, kí wọ́n lọ ronú sí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n á fi fi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Ọmọ wọn tó wà ní Houston ti tọ́jú owó, ó ń bèèrè ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò lára ènìyàn ni, kí wọ́n jẹ́ kí baba tó ń to eegun bá wọn fà á. Ní báyìí, oògùn tí ọmọkùnrin kẹ́míìsì ń pò sínú ọ̀rá fún wọn ni wọ́n fi ń gbé e, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìlà tó kẹ́yìn lẹ́tà náà nìyí: "Àǹtí, tí mo bá ṣe é, ṣé màá tún lè gúnyán bíi tàtijọ́? Ọwọ́ mi làwọn oníbàárà ń wá jẹ."

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni màá kọ́kọ́ mú, torí ó jọ pé òun gan-an ló gbé yín jókòó ti bírò. Ẹ ò ní lè gún un bíi tàtijọ́. Mo ka lẹ́tà yín dáadáa, mi ò rí ibi tí ẹ ti sọ fún dókítà pé iyán lẹ̀ ń gún tà. Ó dà bíi pé ẹ ti fura sí ohun tó máa sọ.

Èjìká ènìyàn rí bíi bọ́ọ̀lù tó jókòó sórí àwo tí kò jìn. Ara rírọ̀ kan tó ń yọ̀ ló bo ojú méjèèjì, kí eegun má baà máa lọ eegun. Èyí ló ti jẹ tán lára tiyín. Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á gé bọ́ọ̀lù tó bàjẹ́, wọ́n á fi onírin síbẹ̀, wọ́n á sì lẹ àwo oníke mọ́ ojú kejì. Tí ẹ bá wá ń gbé ọmọ odó sókè tí ẹ ń là á mọ́lẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, àwo yẹn ni gbogbo ẹ̀ ń bọ̀ wá bá. Yóò máa mì díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi yẹ̀. Yíyẹ̀ àwo yìí wà lára ohun tó sábà ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, tó bá sì ṣẹlẹ̀, wọ́n á tún abẹ gbé, ẹ̀ẹ̀kejì sì máa ń le ju tàkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń kìlọ̀ pé kí ẹni tó ṣe é jáwọ́ nínú ẹrù wúwo àti iṣẹ́ tó ń gbo apá.

Ohun tí iṣẹ́ abẹ yìí mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kó mú ìrora lọ. Ọ̀pọ̀ tó ṣe é ló padà ń sùn mọ́jú, tí wọ́n ń wẹ̀ fúnra wọn, tí ọwọ́ wọn ń tó orí. Torí náà, ẹ bi ara yín: ká ní odó ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣé ẹ ṣì fẹ́ ẹ torí oorun àti gèlè? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ bá dókítà. Tó bá jẹ́ odó nìkan lẹ̀ ń torí ẹ̀ ṣe é, ẹ má ṣe é.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1893 ni dókítà kan ní Paris, Jules-Émile Péan, ti fi èjìká àtọwọ́dá sára ọkùnrin kan tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ eegun ẹ̀. (Tòótọ́ ni pé kòkòrò àrùn wọ̀ ọ́, wọ́n sì yọ ọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì.) Láti àwọn ọdún 1950 ni irú ti òde òní ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀, nínú mẹ́wàá tí wọ́n bá ṣe, bíi mẹ́sàn-án ló ń lò kọjá ọdún 10. Ní ti baba tó ń to eegun, eegun yín ò kán, kò sì yẹ̀. Fífà ò lè dá ohun tó ti jẹ padà, ó sì lè fa iṣan tó ṣẹ́ kù ya.

Oògùn ọ̀rá yẹn ló ń já mi láyà jù. Oògùn ìrora bíi diclofenac àti ibuprofen, téèyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, lè dá ọgbẹ́ sínú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, débi tí oògùn tí ẹ ń lò sí i ò ní ràn án mọ́. Àwọn kẹ́míìsì míì tún máa ń ju sítẹ́rọ́ìdì, oògùn líle kan tó ń mú kí ara tó wú fọn, sínú irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kára tètè fúyẹ́. Ẹ kó ọ̀rá náà lọ fún dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti ṣúgà yín wò. Ẹ má kàn dá a dúró lójijì o. Tí sítẹ́rọ́ìdì bá wà níbẹ̀ tó sì ti pẹ́ lára, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, lójú dókítà.

Ẹ ò tíì rí físíò (àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé) rárá, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu. Kò lè mú ohun tó jẹ hù padà, àmọ́ ó lè fún iṣan tó di èjìká mú lágbára, kí ìrora dín kù. Paracetamol wà, ìpara diclofenac tí wọ́n ń fi pa á lójú ara wà, ìrọ̀rí kékeré lábẹ́ apá lóru náà ń ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì sínú oríkèé lè tu yín lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù díẹ̀. Tí ẹ bá gbà á, ẹ sọ fún ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ, torí wọ́n máa ń fẹ́ kí oṣù mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó fi abẹ kan ibẹ̀.

Tí ọ̀rọ̀ bá padà já sí iṣẹ́ abẹ, ẹ bèèrè bóyá àwọn iṣan tó yí èjìká yín ká ṣì pé, torí X-ray ò lè fi ìyẹn hàn dáadáa. Tí wọ́n bá ti ya, oríṣi mìíràn ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù sípò àwo, tí wọ́n sì ń fi àwo sípò bọ́ọ̀lù. Orúnkún àti ìbàdí ni wọ́n ń rọ́pò jù ní Nàìjíríà, nítorí náà kò sí àrífín nínú kí ẹ bi dókítà pé, "Èjìká mélòó lẹ ti ṣe?" Tí ìdáhùn náà ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní kó kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbòbì l'Ékòó.

Ẹ tún rántí pé apá ọ̀tún ni. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n á fi gbé e kọ́ ọrùn, ó sì lè tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kó tó balẹ̀ dáadáa. Ta ló máa wẹ̀ yín? Ta ló máa dúró ti ìsọ̀? Owó Houston ò lè so kọ́mú.

Ní ti àwọn oníbàárà, mo ti jẹ iyán l'Ádó rí, ọbẹ̀ ni mo tún padà lọ jẹ. Mi ò mọ ẹni tó gún un títí dòní. Ẹ gba ọ̀dọ́kùnrin méjì tí apá wọn le, kí ẹ̀yin dúró ti ìkòkò.

Ọmọ yín ń bèèrè ọjọ́, ẹ sọ fún un pé kò tíì sí. Owó físíò oṣù mẹ́ta àti owó iṣẹ́ àwọn agúnyán ni kó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.