Ṣé àwọn ará oko ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, máa ń dìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún igbó àti àyíká?

Rárá, kò wọ́pọ̀. Kì í ṣe pé àwọn àgbẹ̀ wa ò ka igbó sí o. Àwọn ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé òjò ò rọ̀ lásìkò mọ́, àwọn náà ló ń rí bí wọ́n ṣe ń gé igi sun èédú.

Òfin ìdìbò ni ìdènà tó tóbi jù. Láti 2018, ẹgbẹ́ tí ìbò rẹ̀ kò bá tó 10% káàkiri orílẹ̀-èdè kò lè ní aṣòfin kankan. Ní 2019, ẹgbẹ́ méjì péré ló wà lórí ìwé ìbò. Ní 2023, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló pín gbogbo àga 109 tó wà nílé aṣòfin. Òfin 2024 tún le sí i: 20% ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àgbègbè ìdìbò 24, àyàfi tí ẹgbẹ́ bá bá òmíràn ṣe àdéhùn. Báwo ni ẹgbẹ́ kékeré ṣe fẹ́ rí i? Ní Jámánì, 5% ni wọ́n ń béèrè. Ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé wọn, tó ń jà fún àyíká, ní 14.8% ní 2021, ìlú ńlá sì ni wọ́n ti lágbára jù.

Ní oko tiwa, ọmọ ìlú tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń dìbò fún, ẹni tó bá wọn gbẹ́ kànga, tó sì ń wá síbi òkú. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ kí ìbò oko gbe igbó, kó máa sọ̀rọ̀ omi, ilẹ̀ àti ọ̀nà tí màlúù ń gbà, nítorí ohun tó ń dùn wọ́n nìyẹn.