Ìdí aràn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè yín ni pé aràn pẹlẹbẹ mẹ́ta jáde lára ẹja òkun kan, ọ̀kan lára awọ, ọ̀kan nínú ẹ̀yà tí ẹja fi ń mí, ọ̀kan nínú ìfun, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìdílé kan náà ni wọ́n. Ibi tí ẹ ti rí aràn ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Ìdajì yòókù wà lára ohun tó fi di ẹja mú, ìdí rẹ̀, ìyẹn ìparí ara rẹ̀ lẹ́yìn, ni ohun náà sábà máa ń wà. Ẹ má fi gígùn tàbí àwọ̀ dá a mọ̀ rárá: aràn kan ṣoṣo lè nà gbọọrọ, kó tún súnkì kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Èyí tó wà lára awọ àti ẹ̀yà ìmí, Monogenea, ẹgbẹ́ aràn pẹlẹbẹ kan, ló sábà máa ń jẹ́. Kì í kọ́kọ́ gbé inú ẹranko mìíràn kó tó dé ara ẹja. Láti ara ẹja kan ló ti ń bọ́ sára òmíràn. Ìdí rẹ̀ fẹ̀ bí àwo. Ẹ gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, ìwọ̀ á yọ síta: ìwọ̀ ńlá ní méjì-méjì láàárín, ìwọ̀ wẹ́wẹ́ 14 tàbí 16 létí àwo. Bí ó bá jẹ́ 16, tí aràn náà kò ní ojú, tí ọmọ tó ti ní ìwọ̀ tirẹ̀ sì ká jọ sínú ìyá rẹ̀, ìdílé Gyrodactylidae nìyẹn. Bí ẹ bá rí ojú dúdú mẹ́rin lórí, tí ohun tó dà bí ìpẹ́ wẹ́wẹ́ sì tò ní ìlà-ìlà sára àwo lókè àti nísàlẹ̀, ìdílé Diplectanidae ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.

Èyí tó tóbi lára awọ lè jẹ́ Capsalidae, ìdílé Monogenea mìíràn. Ó mọ́ gaara débi pé ojú lásán kì í rí i lára ẹja. Ẹ ki ẹja bọ omi tí kò níyọ̀ fún ìṣẹ́jú 5, aràn náà á funfun bí ẹyin sísè, á sì já bọ́. Oríṣi méjì nínú ìdílé yìí jọra: Benedenia ní ojú ara obìnrin, Neobenedenia kò ní. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Apá kejì Monogenea kò gbára lé ìwọ̀, ẹ̀mú ló ní. Ẹ̀mú kọ̀ọ̀kan ń la ẹnu, ó ń pa á dé mọ́ ẹran ẹ̀yà ìmí, gẹ́lẹ́ bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ṣe ń di irin. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń mu, ìdí nìyẹn tí ìfun wọn fi dúdú. Ẹ ka ẹ̀mú apá òsì lọ́tọ̀, kí ẹ ka ti ọ̀tún lọ́tọ̀, nítorí ìdílé kan wà tí apá kan pọ̀ ju ìkejì lọ.

Ti inú ìfun ńkọ́? Bí ó bá ní ìfàmọ́ kan lẹ́nu, òmíràn níkùn, tí kò sì ní ìwọ̀ nídìí, Digenea ni, ẹgbẹ́ aràn pẹlẹbẹ mìíràn. Inú ìgbín òkun ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbé. Nínú àwọn ìdílé rẹ̀, Hemiuridae máa ń fa ìrù rẹ̀ wọ inú ara. Didymozoidae wà nínú àpò nínú ẹran ara, lọ́pọ̀ ìgbà ní méjì-méjì. Bí àwo ńlá kan bá bo ikùn, tí ó pín sí yàrá kéékèèké, ẹgbẹ́ Aspidogastrea ni, kò wọ́pọ̀. Èyí tí kò ní ẹnu, tí kò ní ìfun, Cestoda ni, ẹgbẹ́ aràn tó dà bí tẹ́ẹ̀pù. Inú ṣáàkì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń dàgbà, nítorí náà ọmọ wọn lẹ ó sábà máa rí nínú ẹja eléegun. Orúkọ ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣeé dá sọ, àfi ti Trypanorhyncha, ẹ̀ka Cestoda kan tí ìwọ̀ ti tò sára ọwọ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni bí a ṣe pa aràn. Bí ẹ bá jù ú láàyè sínú fọ́málìn tútù, omi kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ara jẹrà, yóò ká kò, kò ní ṣeé wọ̀n mọ́. Omi òkun ni kí ẹ fi fọ ti ẹ̀yà ìmí, kí ẹ fi omi oníyọ̀ 8.5 gíráàmù nínú lítà kan fọ ti ìfun. Ẹ fi omi díẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ da omi oníyọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó lé e lójijì. Á kú ní nínà. Lẹ́yìn náà ló wọ fọ́málìn ìdá 10 nínú 100. Ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ sínú ẹtánọ́ọ̀lù ìdá 95 fún àyẹ̀wò DNA, ohun àbùdá inú ara, torí fọ́málìn máa ń bà á jẹ́. Àwọ̀ tí a fi ń kun ara kì í jẹ́ kí ìwọ̀ hàn dáadáa, ẹ fi aràn mìíràn sílẹ̀ láìkùn, nínú glísírìn tí a po kẹ́míkà ammonium picrate mọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ jù, ìwọ̀n rẹ̀ yóò yí padà.

Ẹja tó ti kú fún wákàtí mélòó kan kò wúlò púpọ̀: aràn ti ń jẹrà, ìwọ̀ ti ń já. Ẹ kọ orúkọ ẹja àti ibi tí aràn wà gan-an sórí bébà, kí ẹ jù ú sínú ìgò. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́, yíǹkì máa ń tú nínú ẹtánọ́ọ̀lù.